Ohun Tí A Lè Dà Lé Oúnjẹ Àárọ̀ Dípò Wàrà Màlúù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Bí a bá fi òwe yìí ṣe òṣùwọ̀n, àgbàdo tí àwọn òyìnbó fi ẹ̀rọ tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí wọ́n yan, tí wọ́n sì dì sínú páálí, kò lè ga ju ipò gúgúrú lọ lójú ọmọ Èkìtì. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá wọ ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Adó-Èkìtì ní òwúrọ̀ yóò rí i pé kọ́ọ̀nfìlékì, óòtì àti irú wọn ti gba àyè lórí tábìlì. Sísè wọn kò ṣòro. Òmíràn kò tilẹ̀ fẹ́ sísè rárá. Ohun tí ó ń dá wàhálà sílẹ̀ ni ohun tí a ó dà lé wọn. Wàrà màlúù ni àṣà tí ó bá wọn wọ ìlú wa, ìbáà jẹ́ ti inú agolo tàbí lẹ́búlẹ́bú inú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ jẹ́ kí owó náírà máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, owó ohun tí ó ń ti òkè òkun wá ti ga kọjá agbára ọ̀pọ̀ ilé. Ìyá mìíràn a máa bomi la wàrà títí yóò fi ku àwọ̀ funfun lásán. Òmíràn a sì da omi gbígbóná nìkan lé oúnjẹ ọmọ.

Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ọ̀kan lọ. Iṣẹ́ tí wàrà ń ṣe nínú abọ́ oúnjẹ àárọ̀, iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ti gbé lé ẹ̀wà àti ẹ̀pà lọ́wọ́ láti ayébáyé ni. Nítorí náà, bí wàrà bá wọ́n, tàbí bí ènìyàn kò bá fẹ́ ẹ, kì í ṣe gbogbo ohun tí ó bá sáà ti funfun ni ó lè rọ́pò rẹ̀. A ní láti mọ èyí tí ó lè ṣe iṣẹ́ náà àti èyí tí ó kàn ń fi àwọ̀ jọ ọ́.

Wàrà àti àwa Yorùbá

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà gan-an wò. Lẹ́nu àwọn àgbà wa, wàrà kì í ṣe ohun tí a ń dà sínú tíì. Ohun dídì funfun tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi igbá rù kiri ni, èyí tí wọ́n fi oje bọmubọmu mú dì, tí a sì lè dín nínú òróró. Èyí tí ọmọ ń mu lára ìyá rẹ̀, omi ọmú ni à ń pè é. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì lo wàrà fún omi ọmú ẹran ọ̀sìn, lẹ́yìn náà ni agolo sì mú “mílíìkì” wọlé.

Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí igbó Èkìtì kì í ṣe ilẹ̀ màlúù oníwàrà. Eṣinṣin tsetse tí ń gbé àrùn fún ẹran kò jẹ́ kí màlúù ńláńlá ilẹ̀ ọ̀dàn lè pẹ́ níbẹ̀ láyé àtijọ́, mùtúrù kúkúrú tí ó sì lè fara da àrùn náà, wàrà ara rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìjọba ti gbìyànjú láti yí èyí padà. Oko màlúù oníwàrà kan wà ní Ìkún-Èkìtì, ní agbègbè Mọ̀bà, láti ayé Ìpínlẹ̀ Oǹdó àtijọ́, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní ọdún 1996. Ó dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, láàrin ọdún 2018 sí 2022, tó bá ilé iṣẹ́ Promasidor ṣe àdéhùn láti jí i dìde. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n oko kan kò lè bọ́ gbogbo ìpínlẹ̀.

Ara wa pàápàá ní ohun tí ó fẹ́ sọ nípa wàrà. Ṣúgà kan wà nínú omi ọmú tí à ń pè ní láktóòsì. Nínú gíráàmù 100 wàrà màlúù, ó tó nǹkan bí gíráàmù 5. Inú ìfun ọmọ ọwọ́ ni èròjà kan wà tí ń gé ṣúgà yìí sí wẹ́wẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó lè gbà á. Lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ayé, èròjà náà a máa dínkù lẹ́yìn tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú. Àwọn ẹ̀yà tí wọ́n ti ń fi wàrà ẹran ṣe oúnjẹ láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni èyí tí ó pọ̀ nínú wọn ń dàgbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọdún 1971, Norman Kretchmer ti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà àti Olikoye Ransome-Kuti, oníṣègùn ọmọdé ní Yunifásítì Èkó tí ó di mínísítà ètò ìlera ní ọdún 1985, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí láàrin àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé, nígbà tí Yorùbá bá ti kúrò ní ọmọ kékeré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí inú rẹ̀ lè lo láktóòsì dáradára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ìgbò. Ti àwọn Fúlàní darandaran yàtọ̀: èyí tí ó pọ̀ nínú wọn lè lò ó. Ṣúgà tí inú kò bá lò yóò bọ́ sọ́wọ́ àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ìfun, wọn yóò sì sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni inú kíkùn, inú wíwú àti ìgbẹ́ gbuuru ti ń wá.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Wàrà kì í ṣe májèlé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ara wọn kò gba láktóòsì lè mu ìwọ̀n ife kan láìsí ìpalára, pàápàá bí ó bá bá oúnjẹ rìn. Wàrà dídì àti èyí tí ó ti kan kì í sì í da inú láàmú tó ti tútù, nítorí omi tí a sẹ̀ dànù àti kíkan náà ti dín ṣúgà rẹ̀ kù. Ohun tí mo ń wí ni pé kò yẹ kí a máa wo ẹni tí kò da wàrà lé oúnjẹ àárọ̀ bí ẹni tí ó pàdánù ohun tí àwọn baba rẹ̀ ní.

Iṣẹ́ wàrà nínú abọ́

Iṣẹ́ mẹ́ta ni wàrà ń ṣe nínú abọ́ oúnjẹ àárọ̀. Ó ń mú ohun gbígbẹ rọ̀. Ó ń fi ọ̀rá àti adùn sí i. Ó sì ń fi èròjà amúaradàgbà kún un. Omi lásán lè ṣe ti àkọ́kọ́, àgbọn lè ṣe ti èkejì, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta ni iṣẹ́ gan-an, òun ni ó sì sábà máa ń bọ́ sọnù.

Amúaradàgbà inú àgbàdo kò pọ̀, èyí tí ó wà níbẹ̀ kò sì pé. Ẹ wo obìnrin tí ó jókòó nídìí àwọn òwú rẹ̀ tí ó ń hun aṣọ aláràbarà. Bí òwú funfun bá kún inú apẹ̀rẹ̀, tí òwú aró sì tán, iṣẹ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ara ènìyàn. Nínú àwọn òwú tí ara fi ń hun ẹran ara, ọ̀kan wà tí à ń pè ní láísìnì. Díẹ̀ ni ó wà nínú àgbàdo, ó sì pọ̀ nínú wàrà. Ó pọ̀ nínú ẹ̀wà pẹ̀lú. Ìdí nìyí tí àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín fi ń bá ẹ̀kọ rìn láàárọ̀. Àwọn ìyá wa kò mọ orúkọ láísìnì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ẹni tí ó jẹ ẹ̀kọ lásán kò jẹun. Gúgúrú pàápàá, tí òwe fi ṣe yẹ̀yẹ́, kì í dá rìn. Ẹ̀pà ni ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ náà ti mọ ọgbọ́n yìí, nítorí àgbàdo àti sóyà ni wọ́n fi ń ṣe Golden Morn tí à ń rà lọ́jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹ̀mí ni ti ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Nígbà tí a bá ń sẹ́ ògì, apá kan nínú amúaradàgbà àgbàdo a máa bá èérí àti omi lọ. Nínú gíráàmù 100 ògì ṣíṣàn, omi ni èyí tí ó pọ̀ jù, amúaradàgbà ibẹ̀ kò sì tó gíráàmù kan. Ní ọdún 1933, Cicely Williams, oníṣègùn obìnrin kan ní Gold Coast, tí ó ti di Gánà lónìí, ṣe àpèjúwe àìsàn tí ń wú ọmọ lẹ́sẹ̀, tí ń pọ́n irun rẹ̀, tí ó sì ń mú un dákẹ́ tẹ̀ṣọ́. Orúkọ tí àwọn Gã ń pe àìsàn náà, kwashiorkor, ni gbogbo ayé ń pè é títí di òní. Àwọn ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú bọ́ sórí omi àgbàdo ni ó rí i lára wọn. Nítòsí wa gan-an, ní Ìmẹ̀sí-Ilé tí ó bá Òkè-Ìmẹ̀sí pààlà, ni David Morley, oníṣègùn ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ti ń wọn àwọn ọmọ ní òpin àwọn ọdún 1950. Ìwé ìwọ̀n tí ó ṣe níbẹ̀, tí ìyá fi lè rí i bóyá ọmọ rẹ̀ ń dàgbà tàbí kò dàgbà, ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mú lò lẹ́yìn náà. Ẹni tí ó bá da omi funfun lásán lé oúnjẹ ọmọ, kí ó rántí pé ọ̀nà yìí ni àwọn ọmọ wọ̀nyẹn gbà.

Kóró mẹ́rin àti ohun tí ó wà nínú wọn

Kí n tó dárúkọ àwọn kóró náà, ó yẹ kí a fún omi inú wọn ní orúkọ tí kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2017, ilé ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dájọ́ pé oníṣòwò kò gbọdọ̀ pe ohun tí a fi ewéko nìkan ṣe ní wàrà lọ́jà, àfi díẹ̀ tí orúkọ wọn ti pẹ́, bíi ti àgbọn. Àwa kò nílò ilé ẹjọ́. Omi ọsàn àti omi ògì ti wà lẹ́nu wa. Bẹ́ẹ̀ ni a lè sọ pé omi sóyà, omi ẹ̀pà àti omi òfíò. Ti àgbọn nìkan ni a ní láti yà sọ́tọ̀, nítorí omi àgbọn ni èyí tí a ń bá nínú rẹ̀ nígbà tí a bá fọ́ ọ. Èyí tí a fún láti ara ẹran rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní oje àgbọn.

Àgbọn ni ó rọrùn jù. A ó rin ẹran rẹ̀, a ó bu omi gbígbóná sí i, a ó sì fún un. Oje náà funfun, ó dùn, ó sì kún fún ọ̀rá, ṣùgbọ́n nínú gíráàmù 100 èyí tí ó ki, amúaradàgbà kò ju nǹkan bíi gíráàmù 2 lọ. Nígbà tí a bá sì tún bomi là á kí ó lè ṣeé dà lé oúnjẹ, a dín in kù sí i.

Òfíò, tí àwọn Hausa ń pè ní aya, dùn ju àgbọn lọ. Àwọn ará Valencia ní ilẹ̀ Sípéènì ti sọ omi rẹ̀ di ohun mímu tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ wọn lára. Kò fẹ́ iná púpọ̀, nítorí ó ní èròjà bí ti ẹ̀kọ tí yóò mú un ki bí a bá sè é. Adùn àti ọ̀rá ni tirẹ̀ pẹ̀lú. Amúaradàgbà rẹ̀ kéré.

Ẹ̀pà yàtọ̀ sí àwọn méjì yìí. Nǹkan bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ ni amúaradàgbà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ tí ó jẹ́ òróró. A ó yan án díẹ̀, a ó bó o, a ó rẹ ẹ́, a ó lọ̀ ọ́, a ó sì sẹ́ ẹ. Ewu kan ni ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1960, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ ẹ̀pà tí ó ti hu èbu. Láti ibẹ̀ ni a ti mọ májèlé tí à ń pè ní aflatoxin, tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, tí sísè kò sì lè pa. Nítorí náà, ẹ̀pà tí ó bá hu èbu, tí ó bá ṣú, tàbí tí ó bá hun, kí a ṣà á dànù. Kí a má ṣe rò pé lílọ̀ yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Sóyà ni ó ga jù nínú wọn. Ó ju ìdá mẹ́ta kóró rẹ̀ gbígbẹ lọ tí ó jẹ́ amúaradàgbà, láísìnì tí àgbàdo kò ní tó sì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá ṣe omi rẹ̀ dáradára, gíráàmù 100 rẹ̀ lè ní nǹkan bíi gíráàmù 3 amúaradàgbà, èyí tí ó súnmọ́ ti wàrà màlúù tí ó jẹ́ gíráàmù 3 àti díẹ̀. Kì í ṣe ohun àbáláyé ní ọ̀dọ̀ wa. Ọdún 1908 ni a kọ́kọ́ gbìn ín wò ní Nàìjíríà, ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ó ti di ti wa. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba ní Oṣòdì fi í ṣe sóyà-ògì fún àwọn ọmọdé. Ilé iṣẹ́ IITA ní Ìbàdàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọdún 1987 láti kọ́ àwọn ará ilé àti àwọn oníṣòwò kékeré bí a ti ń sè é. Lónìí, ènìyàn lè rà á lọ́jà bí a ti ń ra ẹ̀wà.

Bí a ti ń ṣe omi sóyà

Ẹni tí ó bá lè sẹ́ ògì ti mọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Mú ife sóyà gbígbẹ kan, kí o sì ṣa òkúta àti èyí tí ó bàjẹ́ kúrò. Dà á sínú omi tí ó ń hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdí tí a fi ń ṣe èyí ni pé èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí ń mú òórùn ẹ̀wà tútù jáde nígbà tí a bá lọ̀ ọ́. Omi gbígbóná yóò pa èròjà náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Da omi náà nù, fi omi mìíràn rẹ ẹ́ mọ́jú, kí o sì fọwọ́ ra á kí èèpo rẹ̀ lè kúrò.

Lẹ́yìn èyí ni lílọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ àdúgbò ni, kí a bẹ aláta kí ó fi omi ṣàn án dáradára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ata ni ọmọ yóò jẹ láàárọ̀. Fi omi ife mẹ́fà pò ó, kí o sì fi aṣọ asẹ́ sẹ́ ẹ. Èérí rẹ̀ kò ṣeé dànù, nítorí a lè pò ó mọ́ ẹ̀wà lílọ̀ fún àkàrà.

Ibi tí omi sóyà ti yà kúrò lọ́nà ògì nìyí. Ògì ń dúró kí ó kan; omi sóyà kò gbọdọ̀ dúró. Ojú ẹsẹ̀ ni kí a gbé e kaná, kí a sì máa rò ó. Yóò ru sókè kíákíá, ṣùgbọ́n ìfófò àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe jíjinná. Kí ó hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, nítorí sóyà tútù ní ohun kan tí ń dí inú lọ́wọ́ láti lo amúaradàgbà, iná ni ó sì ń pa á. Lẹ́yìn náà, a lè fi iyọ̀ díẹ̀ tàbí dàbínù tí a bọ̀, tí a sì lọ̀, sí i. Bí kò bá sí fìríìjì tí ó ń tutù, kí a mu ún tán ní ọjọ́ tí a ṣe é. Kíkan ń mú ògì dára; bí omi sóyà bá kan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tí ó bá fẹ́ adùn lè fi oje àgbọn tàbí omi òfíò díẹ̀ sí i. Nígbà náà, àgbọn ń ṣe iṣẹ́ adùn, sóyà sì ń ṣe iṣẹ́ oúnjẹ.

Ohun tí kò sí nínú rẹ̀

Nígbà tí mo ń kàwé ní òkè òkun, mo máa ń ka ara páálí irú omi wọ̀nyí nínú ilé ìtajà wọn. Omi ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Kóró tí a fi orúkọ rẹ̀ pè é kò pọ̀, wọ́n sì fi òróró, ṣúgà àti ohun tí ń mú omi ki kún un. Ti ilé wa mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kóró àti omi nìkan ni. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ṣeé fi pamọ́. Àwọn ilé iṣẹ́ náà sábà máa ń fi kálísíọ̀mù àti fítámì B12 sí i, ti ilé wa kò sì ní èyí. Gíráàmù 100 wàrà màlúù ní nǹkan bíi mílígíráàmù 120 kálísíọ̀mù tí egungun ń lò. Omi sóyà inú ilé kò tó ìdá mẹ́rin rẹ̀. Kí ẹni tí ó bá fi í rọ́pò wàrà máa jẹ ẹ̀fọ́ àti yànmọ̀tí dáradára. Ní ti B12, kò sí nínú kóró kankan. Ẹni tí ó ń jẹ ẹja, ẹyin tàbí ẹran ń rí i níbẹ̀. Àwọn tí kì í jẹ ohunkóhun tí ó ti ara ẹranko wá, àwọn tí Donald Watson àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba fún ní orúkọ vegan ní ọdún 1944, gbọ́dọ̀ wá a nínú oògùn tàbí oúnjẹ tí a fi í sí.

Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ni ti ọmọ ọwọ́. Omi sóyà inú ilé, oje àgbọn, omi òfíò àti omi ẹ̀pà, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè rọ́pò omi ọmú. Omi ọmú nìkan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a fún ọmọ fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí a sì máa fún un lọ pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn títí yóò fi pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi sóyà lè mú ògì ọmọ tí ó ti ń jẹun lágbára sí i, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gba ipò ìyá. Ẹ sì máa ṣọ́ ọmọ bí ara rẹ̀ bá kọ sóyà tàbí ẹ̀pà, nítorí ara ọmọ mìíràn kì í gbà wọ́n, ilé ìwòsàn ni kí a sì gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ.

Kọ́ọ̀nfìlékì jẹ́ àlejò ní Èkìtì, bí àlejò bá sì wọ̀ sílé ẹni, oúnjẹ ilé ni à ń gbé fún un. Àgbàdo ni òun náà, àgbàdo kò sì jẹ́ àjèjì sí ẹ̀wà. Bí agolo wàrà bá tó rà, kí ẹni tí inú rẹ̀ gbà á máa mu ún. Bí kò bá tó rà, kí a má ṣe fi omi funfun tan ọmọ jẹ. Kí a rẹ sóyà lálẹ́, kí a lọ̀ ọ́, kí a sè é láàárọ̀, kí a sì dà á lé e.